Imú Ranald Auchterlonie àti Àgbá Opó

"Ẹ dúró! Mo ní ẹ dúró! Ta ló fẹ́ da omi sí nǹkan yẹn? Senga, gbé ife omi yẹn kúrò níwájú mi kíákíá, kí n tó dákú mọ́ yín lọ́wọ́!"

"Omi lásán ni, Ọ̀gbẹ́ni Auchterlonie. Bàbá mi bu omi sí tirẹ̀ títí ó fi pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún."

"Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún bàbá yín, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń mu. Ọtí ni wọ́n ń mu. Èmi kì í mutí. Èmi a máa ka wíski bí ẹni ń kàwé ni."

"Ó dáa. Ẹ ka ti iwájú yín yìí sókè, kí àwa púrúǹtù náà lè gbọ́."

Báyìí ni Ranald Auchterlonie ṣe dìde lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, nínú gbọ̀ngàn etí òkun ní Port Carrach, níbi tí àwa mẹ́rìnlá tí à ń pè ní Ẹgbẹ́ Atọ́wískiwò jókòó sí. Ó ki imú bọ ife àkọ́kọ́, ó sì mí kanlẹ̀.

"Bọ́bọ̀n ti àwọn ará Kentucky nìyí. Àgbàdo! Ṣúgà! Ọtí tí wọ́n fi ń tan ọmọ ọwọ́ sùn." Ó gbé ife kejì. "Ráì nìyí, wíski ọkà ráì ti Amẹ́ríkà náà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ta yín nímú? Ó dà bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ dé." Nígbà tó kan ife kẹta, ó dijú, ó tẹ orí ba, ó sì sọ ohùn rẹ̀ di ti ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ ṣí fìlà yín. Wíski èéfín àbàtà ti ilẹ̀ wa rèé. Ọba dé!"

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní wákàtí kan ṣáájú ìgbà náà, mo ti rí ọkùnrin yìí nínú ilé ìdáná, tó fi awò sójú, tó ń ka àkọlé ara àwọn ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-ìwé tó rí ìdáhùn ìdánwò lórí tábìlì tíṣà.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ki ọkùnrin yìí bó ṣe tọ́. Ẹni tó bá ní ká gbé òun ga, ẹ jẹ́ ká gbé e dé ṣóńṣó òkè, kí ó lè rí ibi tó dára já bọ́ láti ibẹ̀.

Ranald Auchterlonie, Akíngbóòórùn! Onímú gbàgede bí ẹnu ọ̀nà àká! Ọkọ ìgò, àna èdídí! Ó gbóòórùn àgbá, ó dárúkọ igi tí wọ́n fi kàn án; ó gbóòórùn igi, ó dárúkọ ẹyẹ tó sùn lórí rẹ̀. Ó gbóòórùn ife òfìfo, ó ní òun mọ ẹni tó mu ún àti ohun tí onítọ̀hún fi sùn lánàá. Àrà ò ní tán nínú imú. Bí ìyókù ara rẹ̀ bá ṣe iṣẹ́ ìdajì tí imú rẹ̀ ń ṣe, ì bá ti di gómìnà.

Ọgbọ̀n ọdún ni Akíngbóòórùn fi ta kápẹ́ẹ̀tì ní Edinburgh. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ló dé sí Islay, erékùṣù wa yìí, ó ra ilé tó wà lórí òkè, ó sì sọ ara rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n tó já ẹrù rẹ̀ tán. Yẹ̀rì onílà tí àwa ọkùnrin ibí ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú, òun a máa wọ̀ ọ́ lọ ra àlùbọ́sà. Ife fàdákà pẹlẹbẹ kan ń fì lọ́rùn rẹ̀ lórí ṣéènì, ó ń dún woroworo bó bá ti ń rìn, débi pé àwọn àgùntàn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà a máa gbé orí sókè wò bóyá ẹnìkan nínú wọn ló sọnù.

Ní ìgbà tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìpọntí tí mo ti ṣọ́ ìkòkò bàbà fún ọdún mọ́kàndínlógójì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni ọ̀gá ń bu wíski fún òṣìṣẹ́ nínú ìwo màlúù: láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tí a bá ń ṣíwọ́. Àwa fúnra wa la gé ilẹ̀ àbàtà, la sá a gbẹ, la fi èéfín rẹ̀ yan ọkà bálì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bu ọtí náà fún wa, à á gbé e mì, à á fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, à á padà sídìí iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gbóòórùn òdòdó nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní òun gbóòórùn gàárì ẹṣin àti èso píà, a ó ní kó lọ rí dókítà, kó sì fi ìwo tirẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ohun kan wà tí àwa ará àtijọ́ fi sílẹ̀ tí ẹgbẹ́ kò pa run, mo sì dúpẹ́. Bí ẹnikẹ́ni ní Port Carrach bá ní àgbá wíski tó fẹ́ tà, iwájú ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé. A ó tọ́ ọ wò, a ó dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹjọ́ náà ni àwọn oníbàárà òkèèrè sì ń gbà gbọ́. Bí a bá ní ó dára, ó dára. Bí a bá ní ó ti bàjẹ́, lójú gbogbo ayé la ó ti dà á nù sínú gọ́tà. Bí àwọn aṣọ́bodè ti ń ṣe é láyé ọjọ́un nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ ìdọ̀tí mu, kó wá kú sí wa lọ́rùn.

Àgbá tí a pé jọ lé lórí lọ́jọ́ náà, ti Beathag Currie ni. Opó Dougald ni, Dougald tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kan àgbá fún ilé ìpọntí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni obìnrin yìí, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ló sì fi ń dẹ akàn, tó fi ń jẹun. Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ náà kú lóṣù kejì. Láti ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ ti ń pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti Glasgow, pé kó wá máa bá òun gbé nínú ilé alájà mẹ́rìndínlógún, níbi tí a kì í ti í rí òkun àfi lára kàlẹ́ńdà. Bí Beathag kò bá rí ẹ̀ńjìnnì tuntun kí ìgbà akàn tó wọlé, yóò ta ọkọ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì lọ. Kò fẹ́ lọ. Gbogbo ogún tí Dougald fi sílẹ̀ fún un kò ju àgbá wíski kan, tí wọ́n rọ ọtí sí lọ́dún 1988, tí Dougald fi irin gbígbóná jó orúkọ ara rẹ̀ sójú rẹ̀. Beathag fúnra rẹ̀ kò fẹnu kan ọtí rí. Ìjọ tó ń lọ kò fara mọ́ ọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé ni Auchterlonie lọ sí ahéré ẹ̀yìnkùlé Beathag, níbi tí àgbá náà wà, láti lọ fa ìwọ̀nba tí ẹgbẹ́ yóò tọ́ wò. Èmi náà tẹ̀ lé e, nítorí èmi ni mo ni páìpù bàbà gígùn tí a fi ń fa ọtí láti ojú àgbá. Ó fà á, ó rọ díẹ̀ sínú ife ọrùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

Ojú rẹ̀ pa dé. Omijé kan ṣoṣo yọ lójú òsì. Lẹ́yìn náà ni ó rántí pé àwa méjì ń wo òun, ló bá fajú ro bí ẹni tó gé òróńbó kíkan jẹ.

"Ó mà ṣe o, ìyàwó Dougald."

"Kí ló ṣe?"

"Ó ti kú."

"Ta ló kú?"

"Wíski yìí ni. Igi àgbá ti jẹ ẹ́ tán. Ó ti di ráì tí wọ́n gbàgbé sínú bàtà."

"Dougald kì í kan àgbá tó ń jẹ ọtí."

"Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni Dougald. Ṣùgbọ́n nítorí àánú, nítorí àánú nìkan o, mo lè fún yín ní ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn. Màá máa fi fọ fèrèsé."

"Ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn láti fọ fèrèsé? Mélòó ni fèrèsé yín, ọ̀gbẹ́ni?"

Akíngbóòórùn wú ikọ́. Gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ àánú yìí, páìpù mi ló ń lá. Ó lá ẹnu rẹ̀, ó lá ìdí rẹ̀, ó yí i po, ó lá ẹ̀yìn. Nígbà tó dá a padà fún mi, ó ti mọ́ ju ọjọ́ tí mo rà á lọ. Beathag dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá, ó ní:

"Ẹ gbé e dé iwájú ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n bá wí ni mo gbà."

"Tayọ̀tayọ̀!" ni Auchterlonie wí. Ó fi ìgò kékeré tó rọ ọtí náà sí sínú àpò, ó sì gun òkè lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbọ̀ngàn. Nígbà tí àtẹ́wọ́ ti ọba elééfín rọlẹ̀, Senga, tó ni ìsọ̀ ìlú, tó sì tún jẹ́ alága wa, ní ó tó àkókò láti gbọ́ ẹjọ́ àgbá Beathag. Ó pín búrẹ́dì ọkà àti wàràkàṣì yí ká kí ẹnu wa lè mọ́. Ó tún fún àlejò kan tó jókòó lẹ́yìn, obìnrin kan tó wọ ẹ̀wù òjò. Obìnrin yìí ti sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ọ̀la ló yẹ kí òun dé, ṣùgbọ́n wọ́n ti kéde pé ọkọ̀ ojú omi ọ̀la kò ní lọ nítorí ìjì, òun sì ti yára bá ti òní wá. Kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan kan. Níbí, ẹni tí ọkọ̀ ojú omi bá já sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò wa ni títí ọkọ̀ mìíràn yóò fi dé.

Auchterlonie fa ìgò kékeré yọ lápò, ó sì kán an sí ife kálukú bí ẹni ń pín oògùn ikọ́. A gbé e sẹ́nu.

Senga tu tirẹ̀ padà sínú ife. "Olúwa gbà wá! Ẹja wo ni wọ́n fi èyí rẹ?"

Èmi náà tọ́ ọ wò. Kíkan ni, kíkan bí ọtí kíkan tí à ń wọ́n sórí ànàmọ́ díndín. Ọtí tó bá ti gba inú ìkòkò bàbà kọjá lẹ́ẹ̀mejì kì í kan láé, bí ó lo ọgọ́rùn-ún ọdún nínú àgbá; ọmọ tó bá kọ́ iṣẹ́ wa fún ọjọ́ mẹ́ta ti mọ èyí. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Beathag tó jókòó tì mí fi ọwọ́ tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀.

"Fi í sílẹ̀, Murdo," ni ó sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Jẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀ tán."

Auchterlonie sì ń rojọ́. "Ẹ̀yin ará, ó dùn mí dé mùdùnmúdùn eegun. Mo wá èéfín àbàtà nínú rẹ̀, n kò rí i. Mo wá oyin, mo wá òkun, òkùnkùn ni mo bá pàdé. Òkú ni. Kò wúlò fún ẹ̀dá abẹ̀mí."

Beathag dìde. "Ṣé ó dá yín lójú, ọ̀gbẹ́ni?"

"Imú mi kò parọ́ rí."

"Kò sí ire kankan nínú rẹ̀?"

"Bí omi tí wọ́n fi fọ ìbọ̀sẹ̀."

"Ṣé ẹ lè búra?"

"Mo fi ife fàdákà ọrùn mi búra!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọkọ mi ni wọ́n jó sójú àgbá yẹn. Mi ò lè ta ohun tó ti bàjẹ́ fún ọ̀tá mi, áḿbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ṣàánú mi. Mo ti fi katakata gbé àgbá wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bọ́ síta, ká lọ dà á nù."

Bí ẹni pé wọ́n yọ èdídí nídìí Auchterlonie ni, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. "Kí... kí ẹ dà á nù kẹ̀?"

"Àṣà wa ni," ni Senga wí.

"Mo mọ̀ pé àṣà ni, ṣùgbọ́n fèrèsé mi ńkọ́?"

"Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Gbogbo wa tú síta. Àgbá náà wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sínú gọ́tà, tí gọ́tà fi lọ sínú òkun. Orúkọ Dougald dúdú lójú rẹ̀. Beathag gbé òòlù onígi ọkọ rẹ̀. Ó lu ẹ̀gbẹ́ òsì èdídí, ó lu ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan sí ibí, ẹ̀ẹ̀kan sí ọ̀hún, bó ṣe rí Dougald tó ń ṣe é fún ogójì ọdún, títí èdídí fi fò sókè fúnra rẹ̀. Ó fi bàtà rọ́bà rẹ̀ ti àgbá náà yí. Ohun pupa rúsúrúsú kan tú jáde gbùà, ó sì forí lé gọ́tà.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Olè tiwa kò tiẹ̀ dúró kí ọjọ́ náà ṣú. Igbe kan ta, ó jọ ti màlúù tó bímọ ìbejì. Kí a tó yíjú, Akíngbóòórùn ti wà lórí àgbá.

"Ẹ dá a dúró! Apànìyàn! Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún! Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún!"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí ojú ihò. Ọtí gba àárín ìka rẹ̀ tú sí i lójú. Ó jókòó lé e; yẹ̀rì onílà wú bí agbòòrùn, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yíjú sí òkun. Níkẹyìn, ó dojú bolẹ̀, ó fi ẹnu dí ihò náà, ó sì ń gbé e mì gbì, gbì, gbì. Bó bá sì ti gbé orí sókè láti mí, ni yóò lọgun.

"Èéfín àbàtà! Háà, èéfín àbàtà!" Gbì, gbì. "Oyin rèé! Iyọ̀ òkun rèé!" Gbì. "Gàárì àtijọ́! Kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Scotland! Ẹ gbà mí, mo ti bá ẹni Glasgow ṣe àdéhùn sí ọ̀kẹ́ méjì pọ́n-ùn!"

"Èmi ni ẹni Glasgow náà," ni ohùn kan wí.

Àlejò aláṣọ òjò ti bọ́ síwájú. Ó fa lẹ́tà kan yọ nínú àpò. "Lorimer ni orúkọ mi. Nínú lẹ́tà tí ẹ kọ sí mi, Ọ̀gbẹ́ni Auchterlonie, ẹ ní tiyín ni àgbá yìí. Ẹ ní ọwọ́ bàbá yín àgbà lẹ ti jogún rẹ̀, àti pé kò sí wíski tó dára tó o láti Campbeltown dé Orkney."

Àgbá nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń wí kólókóló. Beathag bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba díẹ̀ nínú ohun tó ń ṣàn, ó sì nà án sí alága wa.

"Senga, bá mi tọ́ ọ wò. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í mu ún."

Senga fi ahọ́n kàn án. Ó tún fi kàn án. Ó wo Beathag, ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"Omi ni."

"Omi ni," ni Beathag wí. "Àgbá bọ́bọ̀n òfìfo kan tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ni, tí Dougald tún kàn, tó sì jó orúkọ ara rẹ̀ sí, kó tó kú. Igi rẹ̀ ti gbẹ, ó ń jò. Láti ọjọ́ Àjíǹde ni mo ti rọ omi kún inú rẹ̀ kí igi rẹ̀ lè wú, kí n lè máa fi gbe omi òjò. Àgbá ọdún 1988 kò kúrò nínú ahéré. Mo ní ká wá dà á nù. Mi ò sọ èyí tó jẹ́."

Mo ti gbọ́ ẹ̀rín láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ irú èyí láti ọjọ́ tí ẹṣin ilé ìpọntí jẹ fìlà aṣọ́bodè. Ẹlòmíràn dì mọ́ katakata kó má baà ṣubú. Senga nìkan ló ṣì lè sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Auchterlonie, níbo ni oyin yẹn wà gan-an? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sí i fún wa. Iyọ̀ òkun ńkọ́?"

Ọkùnrin náà nu irùngbọ̀n. Ewédò kan lẹ̀ mọ́ ọn létè. "Igi rẹ̀... igi rẹ̀ dára púpọ̀," ni ó wí láti ilẹ̀.

"Ìgò tí ẹ kán fún wa lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Ta ló rọ ọtí kíkan sí i?"

Imú tó máa ń dáhùn fún un, omi ti bọ́ sínú rẹ̀. Ó dìde, yẹ̀rì lẹ̀ mọ́ ọn nítan, bàtà ń sọ pọ̀ṣọ̀ pọ̀ṣọ̀, ó sì kọjú sí òkè. Kò tíì rìn jìnnà tí ẹnìkan fi ki í lẹ́yìn pé, "Akíngbóòórùn, a-rí-oyin-nínú-omi-àgbá!" Oríkì náà kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Mo bi Beathag léèrè bí ó ṣe mọ̀, òun tí kò mutí rí.

"Ó ní òkú ni, Murdo. Mo sì dúró níbẹ̀ tó ń lá páìpù rẹ níwá lẹ́yìn. Ta ló ń lá òkú?"

Síbẹ̀, ìdájọ́ ṣì kù. Gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e lọ sí ahéré. Mo fa ọtí náà, Senga bu u fún kálukú, Ìyáàfin Lorimer sì kán omi díẹ̀ sí tirẹ̀ kó tó gbé e sẹ́nu. Kò dárúkọ òdòdó, kò dárúkọ gàárì. Mo rántí Dougald, mo rántí ìwo màlúù, mo sì wo òkè àjà kí ojú mi lè gbẹ.

"Ìyáàfin Currie," ni ó wí níkẹyìn, "ọ̀kẹ́ méjì tí mo fẹ́ san fún ọkùnrin yẹn kéré. Ọ̀kẹ́ mẹ́ta ni màá fún yín."

"Ṣé ó máa ra ẹ̀ńjìnnì?"

"Ẹ̀ńjìnnì? Ìyáàfin, ó máa ra ọkọ̀ tuntun mẹ́ta."

"Ọkọ̀ mi kò ṣe nǹkan kan," ni Beathag wí. "Ẹ̀ńjìnnì ló kú."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lójú gbogbo wa. Kí ó tó ṣílẹ̀kùn ahéré síta, Beathag ti gba tẹlifóònù Senga, ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ ní Glasgow pé kó fi yàrá náà fún ẹlòmíràn.

Ìjì tí wọ́n kéde dé lóòótọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò ti kún inú gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté. Nígbà tí mo kọjá lọ ra mílíìkì, Beathag wà nínú tirẹ̀, ó so ìborí mọ́ àgbọ̀n, ó sì ń fi agolo gbọ́n omi dà sínú òkun.